Orúkọ ń yí, òpó dúró: Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù ṣe dé Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù, àti ohun tí ìdàpọ̀ iléeṣẹ́ ń fà

Ẹni tó bá kúrò ní Òṣogbo, tó kọjú sí Ọ̀fà ní ìpínlẹ̀ Kwara, Ìkìrun ni yóò kọ́kọ́ bá lójú ọ̀nà, lẹ́yìn náà ni yóò kan Ìnísà, kó tó wá dé Òkukù. Ìkìrun, ìlú Akínrun, ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn. Òkukù, ìlú Olókukù, ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Odò-Ọ̀tìn, abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kan náà sì ni Ìnísà wà. Ojú irin tó ti Èkó lọ sí Kánò ti gba àgbègbè náà kọjá láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ìdí nìyẹn tí àwọn ará ibẹ̀ fi tètè mọ ọ̀nà ọjà àti ọ̀nà àjò. Àgbẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, oníṣòwò pọ̀, àwọn ọmọ ìlú tó wà ní Èkó, Ìbàdàn, ilẹ̀ Haúsá àti ìlú òyìnbó náà kò sì kéré.

Fún irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù kì í ṣe nǹkan fàájì. Ìyá tó ń ta gààrí lọ́jà kò ní jẹ́ kí oníbàárà gbé ẹrù lọ títí alẹ́ẹ̀tì báńkì yóò fi wọlé. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní ọgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní Òkukù fẹ́ fi orúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí gbèdéke tó kọjá. Bàbá tí ara rẹ̀ kò yá lóko fẹ́ pe ọmọ rẹ̀ nílé. Bí ìlà bá já mọ́ ẹnikẹ́ni nínú wọn lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ owó, ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ tàbí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ló já yẹn. Síbẹ̀, lemọ́lemọ́ ni àwọn oníbàárà ń gbọ́ pé iléeṣẹ́ fóònù wọn ti yí orúkọ padà, tàbí pé iléeṣẹ́ kan ti ra òmíràn, tí ẹnikẹ́ni kì í sì í ṣàlàyé fún wọn ohun tí ìyẹn yóò ṣe fún ìlà tó wà lọ́wọ́ wọn.

Láyé NITEL

Iléeṣẹ́ NITEL fúnra rẹ̀, ìdàpọ̀ ló bí i. Ní 1985 ni ìjọba àpapọ̀ yọ ẹ̀ka tẹlifóònù kúrò lára iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní P&T, tí wọ́n sì dà á pọ̀ mọ́ NET, ìyẹn iléeṣẹ́ tó ń bójú tó ìpè sí ilẹ̀ òkèèrè. Ìrètí wà pé bí méjèèjì bá di ọ̀kan, iṣẹ́ yóò yá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọdún 2001 fi máa wọlé, ìlà tẹlifóònù tó ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo Nàìjíríà kò tó 500,000, bẹ́ẹ̀ àwọn ènìyàn orílẹ̀-èdè náà ti ju 100 mílíọ̀nù lọ dáadáa.

Àmì 035 ni NITEL fún agbègbè Òṣogbo. Ní àwọn ìlú tí kì í ṣe olú ìlú ìpínlẹ̀, káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ilé tó ní tẹlifóònù kò pọ̀ rárá. Ẹni tó bá fẹ́ bá ọmọ rẹ̀ tó wà l'Ékòó sọ̀rọ̀, lẹ́tà ni yóò fi rán awakọ̀ ní gáréèjì, tàbí kó wọkọ̀ lọ sí ìlú ńlá láti lọ tò sórí ìlà, kó sì máa gbàdúrà pé kí ẹ̀rọ má bàjẹ́ kó tó kàn án. Ọ̀pọ̀ òkú ni wọ́n ti sin tán kí ọmọ olóògbé tó gbọ́.

Ìwé àṣẹ ọdún 2001

Ní oṣù kìíní ọdún 2001 ni àjọ NCC, èyí tí òfin ọdún 1992 dá sílẹ̀ láti máa mójú tó ètò ìbánisọ̀rọ̀, ta ìwé àṣẹ GSM ní gbàǹjo. Mílíọ̀nù 285 dọ́là ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. MTN láti Gúúsù Áfíríkà gba ọ̀kan, Econet Wireless Nigeria gba ọ̀kan, wọ́n sì ti ya ọ̀kan sọ́tọ̀ fún NITEL, èyí tó di M-Tel. Iléeṣẹ́ CIL tí Mike Adenuga wà nídìí rẹ̀ jáwé olúborí bákan náà, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kò pé nígbà tí gbèdéke pé, wọ́n sì gba àṣẹ náà padà lọ́wọ́ rẹ̀.

Oṣù kẹjọ ọdún náà ni Econet àti MTN bẹ̀rẹ̀ sí í tajà. Àwọn ìlú ńláńlá ni wọ́n kọ́kọ́ lọ, nítorí ibẹ̀ ni owó wà. Síìmù káàdì nìkan ju 20,000 náírà lọ nígbà náà. Náírà 50 ni ìṣẹ́jú kan, odindi ìṣẹ́jú sì ni wọ́n ń ṣírò: ẹni tó sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 10 péré, owó ìṣẹ́jú kan ni yóò san. Òun ló jẹ́ kí iṣẹ́ àwọn tó ń jókòó sábẹ́ agboòrùn, tí wọ́n ń ta ìpè ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, gbilẹ̀ ní gbogbo oríta. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló jẹ́ pé abẹ́ agboòrùn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbọ́ ohùn ọmọ wọn láti ìdálẹ̀.

Ní 2002, Adenuga padà wá pẹ̀lú Globacom, ó sì gba ìwé àṣẹ. Nígbà tí Glo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 29, oṣù kẹjọ, ọdún 2003, ìṣẹ́jú-àáyá ló fi ń ṣírò owó. Àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ti ń sọ pé irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ kò tíì ṣeé ṣe. Kò pẹ́ tí ó fi di ṣíṣe fún gbogbo wọn. Ẹ jẹ́ ká rántí ìyẹn dáadáa, nítorí kò sí àpẹẹrẹ mìíràn tó fi hàn kedere tó bẹ́ẹ̀ ohun tí wíwà iléeṣẹ́ kan sí i lè ṣe fún àpò oníbàárà.

Nọ́ńbà kan, orúkọ mẹ́fà

Ẹni tó bá ra nọ́ńbà 0802 ní 2001, tí kò sì pààrọ̀ rẹ̀ títí di òní, ti jẹ́ oníbàárà lábẹ́ orúkọ mẹ́fà láìkúrò lójú kan. Econet ni àkọ́kọ́, tí Strive Masiyiwa ọmọ ilẹ̀ Sìmbábúè gbé wá, tí Ọba Otudeko sì jẹ́ alága rẹ̀. Àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ kan pàápàá ní ìpín nínú rẹ̀. Ìjà àwọn onípìn-ín bẹ́ sílẹ̀. Ní 2004, Vodacom ti Gúúsù Áfíríkà wọlé láti máa darí iléeṣẹ́ náà, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sára pátákó, ṣùgbọ́n kò pé oṣù mẹ́ta tó fi kẹ́rù rẹ̀ jáde. Orúkọ di Vmobile. Ní 2006, Celtel ra ìpín 65 nínú ọgọ́rùn-ún ní iye tó lé díẹ̀ ní bílíọ̀nù kan dọ́là, orúkọ di Celtel. Iléeṣẹ́ ilẹ̀ Kúwáítì kan tó ti ra Celtel ṣáájú ìgbà náà yí orúkọ gbogbo rẹ̀ sí Zain ní 2008. Ní 2010, Bharti Airtel láti ilẹ̀ Índíà san bílíọ̀nù 10.7 dọ́là fún ẹ̀ka Zain ní orílẹ̀-èdè 15 nílẹ̀ Áfíríkà, Nàìjíríà wà lára wọn, orúkọ sì di Airtel.

Gbogbo ìgbà tí orúkọ bá yí ni wọ́n máa ń kun ilé àti ojú títì ní àwọ̀ tuntun, tí àwọn olórin yóò gun orí ìtàgé. Òpó tó wà níwájú ilé kò kúrò níbi tó wà. Síìmù kò yí, nọ́ńbà kò yí. Ohun tó máa ń yí, tí kì í sì í hàn lójú ẹsẹ̀, ni owó tí onílé tuntun ní lọ́wọ́ láti fi ra ẹ̀rọ, àti ibi tó bá fẹ́ ná an sí. Ẹni tó bá ra iléeṣẹ́ pẹ̀lú owó yíyá yóò kọ́kọ́ wá bí yóò ṣe san gbèsè, ìlú ńlá ni yóò sì ti wá a. Ìdí nìyẹn tí ìlú tó bá wà lẹ́yìn títì fi lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún lábẹ́ orúkọ mẹ́ta, láìsí pé ẹ̀rọ kan ṣoṣo yí padà.

Ìdí tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi wà lójú títì, tí kò sí lóko

Òpó GSM kọ̀ọ̀kan ní àgbègbè tó ń ṣọ́. Ìlànà GSM àtijọ́ fàyè gba kìlómítà 35 ní ọ̀nà tó jìn jù, ṣùgbọ́n lórí ilẹ̀ olókè àti ilẹ̀ onígi, kìlómítà mélòó kan péré ni. Fóònù fúnra rẹ̀ kéré, agbára rẹ̀ kò pọ̀; ó lè máa gbọ́ ohùn òpó kí òpó máà gbọ́ tirẹ̀. Èyí ló fà á tí ènìyàn fi máa rí àmì nẹ́tíwọ́ọ̀kì lójú fóònù, tí ìpè kò sì ní lọ.

Àyíká Ìkìrun, títí dé ọ̀nà Ìrágbìjí àti Ìrèé, jẹ́ ilẹ̀ òkè àti àpáta. Ìgbì kì í la àpáta kọjá. Ilé tó wà ní ìhà tí òpó wà yóò máa gbọ́ ketekete, èyí tó wà ní ẹ̀yìn òkè yóò wà nínú òjìji, bí ẹni pé kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì nílùú rárá. Àwọn iléeṣẹ́ mọ èyí, ṣùgbọ́n ìṣirò wọn ni pé òpó tó bá wà lẹ́bàá títì ńlá yóò pa owó lára ará ìlú àti lára èrò ọkọ̀ tó ń kọjá, èyí tó bá wà nínú oko yóò pa owó lára àgbẹ̀ díẹ̀ nìkan, bẹ́ẹ̀ sì ni iye tí wọ́n ń ná lé méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí rí àǹfààní nínú pé wọ́n tò sójú títì kan náà. Àwọn abà tó yí wọn ká ni ìṣirò náà kì í gbè.

Irú ìgbì tí iléeṣẹ́ ń lò tún ṣe pàtàkì. Ìgbì tó wà ní ìsàlẹ̀, bí 800 àti 900 mẹ́gáhẹ́ẹ̀sì, máa ń rìn jìnnà, ó sì ń wọ inú yàrá. Èyí tó wà lókè, bí 1800, 2100 àti 2600, lè ru ẹrù púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ rẹ̀ ẹ́. Ti 5G tí wọ́n ń lò ní Nàìjíríà wà ní nǹkan bí 3500, òun ló sì ń rìn kúkúrú jù. Ìdí nìyẹn tí 5G, tí MTN àti Mafab kọ́kọ́ ra ìwé àṣẹ rẹ̀ ní mílíọ̀nù 273.6 dọ́là lẹ́nì kọ̀ọ̀kan ní oṣù kejìlá ọdún 2021, fi jẹ́ ọ̀rọ̀ ìlú ńlá.

Ní ti eré sísá, 2G tó ní ẹ̀rọ EDGE kò tó ìdajì mẹ́gábíìtì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. 3G, tí ìjọba ta ìwé àṣẹ rẹ̀ ní 2007 ní mílíọ̀nù 150 dọ́là lọ́kọ̀ọ̀kan, bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí EDGE parí sí, ó sì lè dé mẹ́gábíìtì 21 tàbí 42. 4G lè kọjá 100. Orí ìwé nìyẹn o. Gbogbo àwọn tó wà lábẹ́ òpó ló jọ ń pín in. Bí ẹ̀gbẹ́ kan òpó bá ní mẹ́gábíìtì 40 láti pín, tí ènìyàn 80 sì ń wo fídíò lẹ́ẹ̀kan náà, ìdajì mẹ́gábíìtì ló kan olúkúlùkù. Ẹni tó bá jí ní aago mẹ́rin òwúrọ̀ láti ṣiṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó rí i pé ó ń sáré ju ti alẹ́ lọ, kì í ṣe pé iléeṣẹ́ fi ojúure hàn sí i. Àwọn yòókù ló ṣì ń sùn. Ibi tí ọgbà yunifásítì bá sì wà, bíi ti Òkukù, iye ènìyàn tó wà lábẹ́ òpó nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ wà ní ṣíṣí kì í ṣe iye tó wà níbẹ̀ nígbà ìsinmi, kódà bí ẹ̀rọ orí òpó bá jẹ́ ọ̀kan náà.

Lẹ́yìn èyí, òpó gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà tí yóò fi kó ẹrù rẹ̀ lọ sí ìlú ńlá, yálà nípasẹ̀ ìgbì tí òpó kan ń jù sí òmíràn, tàbí nípasẹ̀ wáyà onífáíbà tí wọ́n rì mọ́ ẹ̀gbẹ́ títì. Ó sì gbọ́dọ̀ rí iná. Nítorí ìṣòro iná mànàmáná, epo dísù, bátìrì àti oòrùn ni ọ̀pọ̀ òpó fi ń ṣiṣẹ́. Bí dísù bá wọ́n, tàbí tí olè bá jí bátìrì, tàbí tí katakata àwọn tó ń ṣe títì bá gé wáyà, 4G orí ìwé kò lè ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 28, oṣù kejì, ọdún 2024, wáyà tó gé níbi púpọ̀ ló dá iṣẹ́ MTN dúró fún wákàtí bíi mélòó kan ní ọ̀pọ̀ ibi. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn, ní ọjọ́ 14, oṣù kẹta, àwọn wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin bàjẹ́ ní ìtòsí Abidjan, ọ̀pọ̀ báńkì Nàìjíríà sì dákẹ́.

Àwọn tó dàpọ̀, àwọn tó parẹ́

Kì í ṣe gbogbo ìdàpọ̀ ló jọra. Ti 0802 jẹ́ ìpààrọ̀ onílé lásán: iye iléeṣẹ́ tó wà lọ́jà kò dín. Èyí tó yẹ kí oníbàárà máa fura sí ni èyí tó ń sọ méjì di ọ̀kan.

Ẹ wo Visafone. Ní 2007 ni Jim Ovia dá a sílẹ̀, nípa ríra àwọn iléeṣẹ́ kéékèèké mẹ́ta, Cellcom, Bourdex àti ITN, tó sì sọ wọ́n di ọ̀kan. CDMA ni wọ́n ń lò, kì í ṣe GSM. Ní ìparí ọdún 2015, MTN kéde pé òun ti ra Visafone. Kì í ṣe nítorí oníbàárà rẹ̀ ni, nítorí iye wọn ti dínkù gan-an. Ìgbì 800 mẹ́gáhẹ́ẹ̀sì tó wà lọ́wọ́ Visafone ni MTN ń wá, òun ló sì fi bẹ̀rẹ̀ 4G rẹ̀ ní 2016. Etisalat lọ sílé ẹjọ́, ó ní ìgbì náà yóò jẹ́ kí ẹni tó ti tóbi jù tún tóbi sí i. Ẹjọ́ náà ní ìtumọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kejì náà ní tirẹ̀: ìgbì 800 yẹn gan-an ló dára jù fún ìgbèríko, ọwọ́ ẹni tó bá sì ní òpó púpọ̀ ni yóò ti wúlò.

Starcomms, Multilinks àti MTS, tí àwọn náà ń lo CDMA, fẹ́ dàpọ̀ lábẹ́ orúkọ CAPCOM láàárín 2012 sí 2013. Aláàárẹ̀ mẹ́ta tó fara ti ara wọn ni wọ́n; gbogbo wọn ló ṣubú. Àwọn oníbàárà wọn pàdánù nọ́ńbà, ọ̀pọ̀ nínú wọn pàdánù fóònù pẹ̀lú, nítorí fóònù CDMA kì í gba síìmù GSM.

NITEL àti M-Tel ni ìtàn wọn gùn jù, tó sì dunni jù. Pentascope ti ilẹ̀ Netherlands wá darí rẹ̀ ní 2003, wọ́n lé e lọ. Transcorp ra á ní 2006, ìjọba gbà á padà ní 2009. Ní 2010, àwọn kan fi bílíọ̀nù 2.5 dọ́là dù ú, owó náà kò wá. Nígbà tó di 2015, NATCOM gba ohun tó kù ní mílíọ̀nù 252 dọ́là, wọ́n sì sọ ọ́ di ntel, tó bẹ̀rẹ̀ 4G ní 2016 ní Èkó àti Àbújá. Àwọn òpìtàn yóò máa bi ara wọn léèrè bí ohun tí ó jẹ́ ti gbogbo ìlú, tó ní wáyà àti ilẹ̀ káàkiri, ṣe di nǹkan tí kò lè pe Ìkìrun láti Òṣogbo.

Etisalat Nigeria, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2008 pẹ̀lú nọ́ńbà 0809, yá bílíọ̀nù 1.2 dọ́là lọ́wọ́ báńkì 13 ní 2013 láti fi mú nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ gbòòrò. Náírà ṣubú, gbèsè tó jẹ́ ti dọ́là wá ga ju òkè lọ. Ní 2017, àwọn ará Abu Dhabi kó orúkọ wọn lọ, iléeṣẹ́ náà sì di 9mobile. Ó tún yí onílé lẹ́yìn náà, ní oṣù kẹjọ ọdún 2025 ó sì di T2.

Ẹni tó bá rò pé kí àwọn aláìlágbára dàpọ̀ ni yóò tán ìṣòro, kó wo Gánà. Ní 2017 ni Airtel àti Tigo dàpọ̀ níbẹ̀ di AirtelTigo, kí wọ́n lè bá MTN figagbága. Ní 2021, àwọn olówó méjèèjì ti fi í sílẹ̀ fún ìjọba Gánà, MTN sì ń tóbi sí i.

Nígbà tí wọ́n ta òpó

Títà kan wà tí ọ̀pọ̀ oníbàárà kò gbọ́ rárá, bẹ́ẹ̀ òun ló kan ìlú kéékèèké jù. Láàárín 2014 sí 2016, àwọn iléeṣẹ́ fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í ta òpó wọn fún àwọn tí iṣẹ́ tiwọn jẹ́ òpó nìkan. MTN kó òpó 9,151 sábẹ́ àbójútó IHS. Etisalat ta èyí tó ju 2,000 fún IHS bákan náà. Airtel ta èyí tó ju 4,000 fún American Tower láti Amẹ́ríkà. Ní 2016, IHS tún ra gbogbo òpó 1,211 tí Helios ní ní Nàìjíríà.

Àǹfààní rẹ̀ ni pé òpó kan lè ru ẹ̀rọ iléeṣẹ́ mẹ́ta. Iléeṣẹ́ tí kò ní dá òpó sí abà kan láéláé lè gba àyè lórí èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, owó ilé nìkan ni yóò máa san. Àléébù rẹ̀ kò ṣòroó rí: bí jẹnẹrétọ̀ òpó náà bá kú, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni yóò jọ kú. Ẹni tó gbé síìmù méjì dání, tó rò pé bí ọ̀kan bá lọ èkejì yóò wà, lè rí i pé orí igi kan náà ni ẹyẹ méjèèjì bà lé. Ìdí nìyẹn tí òfin tuntun NCC ti 2024 lórí bí iṣẹ́ ṣe gbọ́dọ̀ dára tó fi mú àwọn olópòó náà mọ́ ọn, nítorí tẹ́lẹ̀, iléeṣẹ́ fóònù nìkan ni wọ́n ń bá wí. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2012, bí àpẹẹrẹ, NCC bu owó ìtanràn bílíọ̀nù 1.17 náírà lé iléeṣẹ́ mẹ́rin nítorí iṣẹ́ tí kò dára: mílíọ̀nù 360 fún MTN, iye kan náà fún Etisalat, 270 fún Airtel, 180 fún Globacom.

Ohun tó kù lọ́jà

Nígbà tí NCC tún iye oníbàárà kà ní 2024, ti Globacom já wálẹ̀ láti orí mílíọ̀nù tó ju 60 lọ sí nǹkan bí 19. Ní ìparí ọdún náà, MTN nìkan ní oníbàárà tó ju ìdajì lọ ní gbogbo Nàìjíríà, Airtel ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta, ohun tó kù ni Glo àti 9mobile pín. Nínú orílẹ̀-èdè tó ní iléeṣẹ́ fóònù tó ju mẹ́wàá lọ nígbà kan, méjì ló ku tó lágbára ní tòótọ́. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, NCC gbà kí wọ́n fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó ìpè àti dátà. Òótọ́ ni pé dísù àti dọ́là ti wọ́n, tí owó ìpè kò sì ti gòkè fún ọdún púpọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí kò sí Glo ọdún 2003 kankan tó wá ní òun yóò ta tòun ní ẹ̀dínwó.

Ní oṣù kẹta ọdún 2025, MTN àti Airtel kéde pé àwọn yóò jọ máa lo àwọn ohun èlò kan pọ̀ ní Nàìjíríà àti Uganda. Ní oṣù keje ọdún kan náà, NCC fọwọ́ sí i kí àwọn oníbàárà 9mobile máa lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì MTN níbi tí tiwọn kò bá dé. Fún ẹni tó ní 0809 ní abà kan lẹ́yìn Ìnísà, ayọ̀ ni èyí, nítorí ìlà rẹ̀ lè dún níbi tí kò ti dún rí. Ṣùgbọ́n ìdàpọ̀ ni, bí wọn kò tilẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀: orúkọ iléeṣẹ́ méjì, òpó ẹnì kan.

Àwọn ará ọjà kò tíì gbàgbé ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí ìjọba pààrọ̀ náírà tí owó kò sì sí níta. Gbogbo ènìyàn ló sáré lọ sídìí fífi owó ránṣẹ́ lórí fóònù lẹ́ẹ̀kan náà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti báńkì kò sì lè gbé e. Ẹni tó ní owó nínú báńkì kò rí oúnjẹ rà. Ẹni tó ní oúnjẹ kò rí i tà. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ onípọ́ọ̀sì ti ń ní síìmù iléeṣẹ́ tó ju ẹyọ kan lọ.

Ohun tí oníbàárà lè ṣe kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó wà. Kó tó ra síìmù, kó dán ti aládùúgbò wò nínú yàrá ara rẹ̀ àti lóko ara rẹ̀, lówùúrọ̀ àti lálẹ́; ohun tó ń ṣiṣẹ́ ní gáréèjì Ìkìrun lè máà ṣiṣẹ́ ní ẹ̀yìn òkè. Láti oṣù kẹrin ọdún 2013 ni òfin ti gbà kí ènìyàn gbé nọ́ńbà rẹ̀ láti iléeṣẹ́ kan lọ sí òmíràn láìpààrọ̀ rẹ̀: ọ́fíìsì iléeṣẹ́ tuntun ni yóò lọ, wọn yóò sì ní kó fi ọ̀rọ̀ náà «port» ránṣẹ́ sí 3232. Ọ̀fẹ́ ni. Bí iṣẹ́ bá dá dúró níbì kan fún ohun tó ju wákàtí 24 lọ, ìlànà tí NCC gbé jáde ní 2025 ní kí iléeṣẹ́ san ohun kan padà fún oníbàárà, tó fi mọ́ fífi ọjọ́ kún dátà tó ti rà. Iléeṣẹ́ ni ó yẹ kí ènìyàn kọ́kọ́ fẹjọ́ sùn, kó sì gba nọ́ńbà ẹjọ́ náà sílẹ̀. Bí wọn kò bá dáhùn, 622 ni nọ́ńbà NCC, kò sì gba owó. Ẹni tó bá pè, kó sọ orúkọ ìlú, orúkọ àdúgbò, ọjọ́ àti aago tí ìlà fi lọ, nítorí òpó kan pàtó ni wọn yóò wá, kì í ṣe gbogbo ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.